Asẹ́ tó ń jò: ohun tó yẹ kí ráútà rẹ sọ fún aládùúgbò, àti èyí tí kò yẹ kó gbọ́

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Upstream méjì (àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń tà á fún wa) la ti ń ra íntánẹ́ẹ̀tì, a sì tún so mọ́ IXPN l'Ékòó, ibùdó pàṣípààrọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn upstream wa pè wá pé à ń kó ọ̀nà ti ẹnì kejì wá bá àwọn. Kò pẹ́ tí session BGP náà já (BGP ni èdè tí ráútà ilé-iṣẹ́ kan fi ń sọ ọ̀nà fún ti òmíràn, session ni ìjíròrò àwọn méjèèjì). Bẹ́ẹ̀, mo ti kọ asẹ́ sí i tẹ́lẹ̀! Ohun tí mo kọ nìyí, mo kàn yí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ padà ni:

ip prefix-list TIWA seq 5 permit 203.0.113.0/24
router bgp 64500
 neighbor 192.0.2.1 prefix-list Tiwa out

Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́? Ṣé ìwọlé ló yẹ kí n kọ asẹ́ sí ni àbí ìjáde? Distribute-list (asẹ́ mìíràn) tí mo fi sínú OSPF, èdè tí àwọn ráútà inú ilé wa fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, náà kò dá nǹkan kan dúró."

Àbúrò mi, tún wo ìlà kìíní àti ìlà kẹta. Èyí tí o kọ sókè ni TIWA, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí o so mọ́ ọrùn aládùúgbò (neighbor, ráútà ẹlòmíràn tí tìrẹ ń bá sọ̀rọ̀) ni Tiwa. Lójú èmi àti ìwọ, orúkọ kan náà ni. Lójú ráútà Cisco, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, torí ó máa ń ya lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀ sí lẹ́tà kékeré nínú orúkọ prefix-list, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn prefix (àkójọ àdírẹ́sì) tó láyè láti kọjá. Ó wá asẹ́ tó ń jẹ́ Tiwa títí, kò rí i. O lè rò pé yóò figbe ta, tàbí kẹ̀, pé yóò ti ilẹ̀kùn pa. Kò ṣe ọ̀kankan. Prefix-list tí kò sí, tàbí tí kò ní nǹkan kan nínú, ohun tí IOS, ètò inú ráútà Cisco, máa ń gbà ni pé gbogbo nǹkan ló láyè láti kọjá. Bí o ṣe kó gbogbo ohun tí upstream kìíní sọ fún ọ lọ rò fún ekejì nìyẹn. Ìyẹn náà ló já session: wọ́n fi maximum-prefix (òdiwọ̀n iye prefix) sí ọ lọ́rùn. Prefix kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló yọ sí wọn, ráútà wọn sì pa ilẹ̀kùn dé. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn ò ní bìkítà.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ìṣòro yìí. Bí aṣọ asẹ́ bá ya, ògì ṣì máa dà sínú ìkòkò, kódà á tètè dà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sẹ́ ẹ á máa rò pé iṣẹ́ ń yá. Ó di ìgbà tí ẹnì kan bá mu ún kí wọ́n tó mọ̀ pé èérí wà níbẹ̀. Asẹ́ BGP tó ya kì í dá íntánẹ́ẹ̀tì rẹ dúró, oníbàárà rẹ kan ò ní pè ọ́. Ará ìta ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ìwọlé ni àbí ìjáde? Méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí àkókò bá há fún ọ, ti ìjáde ni kí o kọ́kọ́ dí, ìdí rẹ̀ sì ni owó.

Oríṣi aládùúgbò mẹ́ta ló wà nínú òwò yìí: ẹni tó ń sanwó fún ọ, ẹni tí ìwọ ń sanwó fún, àti ojúgbà tí ẹ jọ ń gba ti ara yín láìsanwó. Ọ̀nà tó lọ sílé oníbàárà rẹ, o lè kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, ohun tó ń sanwó fún nìyẹn. Ọ̀nà tí o gbọ́ lẹ́nu upstream tàbí lẹ́nu ojúgbà, oníbàárà rẹ nìkan ló yẹ kó gbọ́ ọ. Bí o bá gbé e láti ọ̀dọ̀ upstream kan dé ọ̀dọ̀ upstream kejì, o ti sọ ara rẹ di afárá láàárín àwọn ọlọ́rọ̀ méjì, tí kò sì sí ẹni tó máa san kọ́bọ̀ fún ọ.

Ibi tó ti wá burú ni pé upstream rẹ á gbà ọ́ gbọ́. Ráútà rẹ̀ máa ń fẹ́ràn ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ oníbàárà ju èyíkéyìí mìíràn lọ, torí ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé. Local-pref (nọ́ńbà tí ẹni tó ni ráútà fi ń sọ ọ̀nà tó fẹ́ràn jù) ni wọ́n fi ń ṣe é, BGP sì máa ń wo local-pref kó tó wo bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Nígbà tí ìwọ, oníbàárà, bá wá sọ pé o mọ ọ̀nà ilé Google, ó gbà ọ́ gbọ́ ju Google fúnra rẹ̀ lọ. Ẹrù tó yẹ kó gba títì márosẹ̀ á wá forí lé ẹ̀yìnkùlé rẹ n'Íbàdàn. Okùn rẹ á kún, ohun tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ á máa ṣòfò lójú ọ̀nà, ìwọ náà á sì máa ṣe kàyéfì ohun tó mú kí íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀.

Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ ṣe é. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá ní aago tiwa, MainOne, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan l'Ékòó tí nọ́ńbà rẹ̀ lórí BGP jẹ́ AS37282, sọ ọ̀nà prefix Google tó lé ní igba fún China Telecom. Google àti MainOne jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀ l'Ékòó, nítorí náà MainOne mọ ọ̀nà náà lóòótọ́, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojúgbà ni, kò yẹ kó kọjá ọ̀dọ̀ oníbàárà rẹ̀. China Telecom gbà á, ó sì tún gbé e fún TransTelecom ti Rọ́ṣíà. Ẹrù àwọn tó ń wá Google bẹ̀rẹ̀ sí í gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà. Ariwo sọ láyé pé àwọn kan ti jí íntánẹ́ẹ̀tì gbé. MainOne fúnra rẹ̀ ló jáde sọ pé àṣìṣe ló ṣẹlẹ̀ sí asẹ́ BGP àwọn lásìkò tí àwọn ń ṣe àtúnṣe tí àwọn ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé àwọn tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú 74.

Èmi ò bá wọn jà. Asẹ́ méjì ló yẹ kó dá ọ̀rọ̀ yẹn dúró: èyí tó wà ní ìjáde MainOne, àti èyí tó yẹ kó wà ní ìwọlé China Telecom. Ẹni tó ṣe àṣìṣe lálẹ́ ọjọ́ àtúnṣe, mo mọ̀ ọ́n, mo ti jẹ́ ẹ rí. Ẹni tí mò ń bínú sí ni ẹni tó gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó ni ọ̀nà tó dára jù dé ilé Google, tí kò bi í pé "láti ìgbà wo?"

Irú èyí tó tún burú jù ni ti Pakistan. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2008, ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n dí YouTube. Pakistan Telecom kéde 208.65.153.0/24, kí ẹrù YouTube lè máa já sí kòtò nínú ilé wọn. 208.65.152.0/22 ni YouTube fúnra rẹ̀ ń kéde. Ráútà kì í wo ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó júwe ilé ní pàtó jù ló ń tẹ̀lé, /24 sì ṣe pàtó ju /22 lọ (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn àmì / bá ṣe pọ̀ tó ni àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀ ṣe kéré tó). Asẹ́ kò sí ní ìjáde Pakistan Telecom, kò sì sí ní ìwọlé PCCW ti Hong Kong tí wọ́n so mọ́. Fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ẹni tó bá ń wá YouTube láti ibi púpọ̀ láyé, Pakistan ló ń lọ.

Ó yá, jẹ́ ká padà sí ti tìrẹ. O kò ní oníbàárà tó ń bá ọ sọ BGP. Ìyẹn mú kí iṣẹ́ rẹ rọrùn: ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ilé rẹ nìkan ni kó jáde. Tún orúkọ asẹ́ náà kọ dáadáa, kí o sì fi àgádágodo kejì tì í:

ip as-path access-list 10 permit ^$
router bgp 64500
 neighbor 192.0.2.1 prefix-list TIWA out
 neighbor 192.0.2.1 filter-list 10 out

Àmì ^$ túmọ̀ sí ọ̀nà tí kò tíì gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá, èyí tó jẹ́ tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà bá tún ṣì ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan tí TIWA sì di òfìfo, èyí ṣì wà níbẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún upstream méjèèjì àti fún IXPN. Mo ti rí àwọn tó dí ẹnu upstream tán tí wọ́n gbàgbé ẹnu pàṣípààrọ̀, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú tó fi fèrèsé sílẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o kọ́ láti ìsinsìnyí, torí oníbàárà BGP á dé lọ́jọ́ kan, ^$ ò sì ní tó mọ́. Kọ ilà fún ọ̀nà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń wo ojú èèyàn tí wọ́n á sì mọ ìlú tó ti wá, community ni BGP fi ń kọ ilà sójú ọ̀nà nígbà tó bá ń wọlé, kí ẹni tó wà lẹ́nu ìjáde lè mọ ibi tó ti wá láìbèèrè:

ip bgp-community new-format
route-map LATI-UPSTREAM permit 10
 set community 64500:200
route-map LATI-IXPN permit 10
 set community 64500:300
ip community-list standard ILA-AJEJI permit 64500:200
ip community-list standard ILA-AJEJI permit 64500:300
route-map SI-UPSTREAM deny 10
 match community ILA-AJEJI
route-map SI-UPSTREAM permit 20
 match ip address prefix-list TIWA

So LATI-UPSTREAM mọ́ ìwọlé upstream, LATI-IXPN mọ́ ìwọlé pàṣípààrọ̀, SI-UPSTREAM sì mọ́ ìjáde. Wò ó pé mi ò fi additive sẹ́yìn set community. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ilà èyíkéyìí tí àlejò bá gbé wá látìta, mo pa á rẹ́, mo kọ tèmi, kí ẹnì kan má baà kọ ilà oníbàárà sójú kó wá fi tàn mí jẹ. Bí o bá sì ní ráútà méjì nínú ilé, rántí send-community láàárín wọn. Cisco kì í fi community ránṣẹ́ bí o kò bá ní kó ṣe é, gbogbo ilà tí o kọ l'Ékòó á ti parẹ́ kó tó dé Ìbàdàn.

Àwọn méjì kan tún wà nínú prefix-list tó máa ń mú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìkíní: permit 0.0.0.0/0 kò túmọ̀ sí "gbogbo nǹkan". Ọ̀nà default, èyí tí ráútà ń gbà bí kò bá mọ òmíràn, nìkan ló ń tọ́ka sí. Gbogbo nǹkan ni permit 0.0.0.0/0 le 32 (le níbí túmọ̀ sí "títí dé"). Mo ti rí ẹni tó fi wákàtí mẹ́ta wá ìdí tí table rẹ̀ (ìwé ọ̀nà inú ráútà) fi ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìkejì: bí prefix rẹ bá jẹ́ /22 tí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, /22 yẹn nìkan ló máa jáde. Bí o bá fẹ́ máa kéde /24 mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi le 24 sí i. Má fi le 32 sí i o. Àwọn kan ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ "kó má baà sí wàhálà", wàhálà náà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo MikroTik náà, ẹ fetí sílẹ̀. Nínú RouterOS 6, ètò inú ráútà MikroTik, ọ̀nà tí kò bá ìlà kankan mu nínú filter á kọjá. Nínú ẹ̀dà 7, yóò kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kó config (àkọsílẹ̀ àṣẹ ráútà) àtijọ́ sínú ẹ̀dà tuntun láìtún un wò lè jí lọ́jọ́ kejì kó má bá ọ̀nà kan nílé. Èmi fara mọ́ ti ẹ̀dà 7. Ohun tí RFC 8212, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, sọ lọ́dún 2017 kò jìnnà sí i: bí o kò bá kọ òfin kankan fún aládùúgbò tó wà lóde, má gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, má sì sọ nǹkan kan fún un. IOS àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ti ìwọlé wá. Láti ọ̀dọ̀ upstream, má gba àwọn àdírẹ́sì tí kò yẹ kó rìn níta rárá: 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12, 192.168.0.0/16, 100.64.0.0/10, 127.0.0.0/8, 169.254.0.0/16 àti ohun gbogbo láti 224.0.0.0 lọ sókè. Má gba ohunkóhun tó bá kéré ju /24 lọ ní IPv4, tàbí ju /48 lọ ní IPv6. Má gba prefix tìrẹ fúnra rẹ: kò sídìí tí ẹnì kan níta á fi wá júwe ilé rẹ fún ọ. Bí ráútà rẹ kò bá ní ìrántí tó pọ̀, má gba table tó pé pérépéré, ọ̀nà IPv4 ibẹ̀ ti lé ní 900,000. Ní kí upstream fún ọ ní default, kí o sì gba ti IXPN ní kíkún, torí ibẹ̀ ni Google àti àwọn ará ilé wà. Fi maximum-prefix sí gbogbo aládùúgbò, bí wọ́n ṣe fi sí ìwọ náà lọ́rùn.

OSPF rẹ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Nínú RIP, èdè ráútà àtijọ́ kan, ohun tí ráútà kan mọ̀ ló ń sọ fún ekejì, nítorí náà bí o bá dí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tán. Nínú OSPF, ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ kan náà ni gbogbo ráútà tó wà nínú area (àdúgbò OSPF) kan ń gbé kiri, ó sì gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Distribute-list tí o fi sí ìwọlé kàn ń sọ fún ráútà kan ṣoṣo yẹn pé kó má kọ ọ̀nà náà sínú table tirẹ̀ ni. Àwòrán náà ṣì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e bó ṣe wà. Ẹnubodè area ni kí o ti sẹ́ ẹ, lórí ABR (ráútà ẹnubodè náà), pẹ̀lú area filter-list, tàbí kí o dí i níbi tí o ti ń kó ọ̀nà látìta wọ OSPF. Láàárín area kan náà, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú.

Mo ní mo ti jẹ́ ẹni tó ṣe àṣìṣe rí. Ó ti pẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Aago méjì òru ni, ẹ̀rọ amúnáwá ń ké lẹ́yìn ògiri, mo fẹ́ fi prefix kan kún asẹ́ ìjáde. Mo rò pé kó lè mọ́ dáadáa, kí n pa àtijọ́ rẹ́ kí n tún un kọ látòkè. Mo tẹ no ip prefix-list, mo tẹ enter. Kí n tó lẹ ìlà àkọ́kọ́ ti tuntun mọ́ ọn, PuTTY, ètò tí mo fi ń bá ráútà sọ̀rọ̀ látòkèèrè, dúró gbọnyin. Asẹ́ ti di òfìfo, òfìfo sì ń gba gbogbo nǹkan láyè. Table íntánẹ́ẹ̀tì kì í sinmi, ìròyìn tuntun ń wọlé ní gbogbo ìgbà, gbogbo èyí tó wọlé lásìkò yẹn ló ń gba ẹnu mi jáde lọ sí òdìkejì. Ìgbà tí mo fi rí ọ̀nà wọlé padà láti ojú console, fóònù ti ń dún. Látọjọ́ náà, n kì í pa asẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́ mọ́. Mo máa ń kọ tuntun pẹ̀lú orúkọ tuntun, TIWA-2, màá wò ó dáadáa, màá wá so ó mọ́ aládùúgbò dípò àtijọ́, lẹ́yìn náà ni àtijọ́ á tó lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún ọ pé RPKI, ètò tí a fi ń yẹ ẹni tó ni prefix wò, ló máa yanjú gbogbo rẹ̀. Ṣe é: wọ ojú ìwé tiyín ní AFRINIC (àjọ tó ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà), kọ ROA (ìwé ẹ̀rí ẹni tó láṣẹ láti kéde) fún prefix yín, má sì fi maxLength (ibi tí ìgékúrú prefix lè dé) sí i ju ohun tí ẹ ń kéde gan-an lọ. Ó máa gbà yín lọ́wọ́ irú ti Pakistan. Kò ní gbà yín lọ́wọ́ irú ti MainOne, torí ẹni tó ni prefix nìkan ni RPKI ń yẹ̀ wò, nínú ìjò ọdún 2018 yẹn sì rèé, orúkọ Google ṣì wà ní ìparí ọ̀nà bó ṣe yẹ kó wà. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ kiri ni kò yẹ kó gbé e. Èyí tó ń wo ìyẹn ni RFC 9234, tó jáde lọ́dún 2022: aládùúgbò méjèèjì á sọ ipò wọn fún ara wọn níbi tí session ti ń bẹ̀rẹ̀, èmi ni oníbàárà, ìwọ ni upstream, ráútà á sì fi àmì sára ọ̀nà pé kò gbọdọ̀ gòkè mọ́. Àwọn ètò ráútà bíi BIRD àti FRR ti mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá di ìgbà tí upstream yín bá ṣe tán, ẹ jọ tan án.

Lálẹ́ òní, kó tó di pé o tún session yẹn gbé dìde, jẹ́ kí neighbor náà wà ní shutdown ná. Tún orúkọ náà kọ, fi filter-list mọ́ ọn, kí o tó wá tẹ no neighbor 192.0.2.1 shutdown. Fún upstream kejì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kọ ọ́, kí o sì tẹ clear ip bgp pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ àti soft out, kí ohun tó ti jáde tẹ́lẹ̀ lè padà. Lẹ́yìn náà, tẹ show ip bgp neighbors 192.0.2.1 advertised-routes. 203.0.113.0/24 nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tún lọ wo ara rẹ látìta, lórí bgp.tools tàbí bgp.he.net, kí o rí ohun tí ayé ń gbọ́ lẹ́nu rẹ. Bí ìlà kejì bá wà nínú advertised-routes yẹn, má sùn. Dá shutdown padà, kí o sì fi config náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà.